Bí àlejò yín bá ń bọ̀ wá lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Sókótó: ibi tí ẹ lè mú wọn lọ àti ohun tí wọ́n lè jẹ

Wọ́n máa ń sọ nílé pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa tí a wá ń gbé inú Sókótó gan-an ńkọ́? Ohun tí àwọn ẹlòmíì ń wọ mọ́tò láti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r wá wò, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, ọ̀pọ̀ wa ò sì débẹ̀ rí. Èmi náà wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ní 2009 tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, màmá mi wá láti Ìwó wá bá mi wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n padà délé, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kí wọ́n ròyìn Sókótó, wọ́n ní, "Mo rí ṣọ́ọ̀bù, mo rí oòrùn." Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ní báyìí, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sínú mọ́tò fún odidi ọjọ́ kan mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ohun tí mo ti mọ̀ láti ìgbà náà jọ síbí. Ó wà fún ẹ̀yin tí àna, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ yín ń bọ̀ wá lo òpin ọ̀sẹ̀. Ó tún wà fún ẹ̀yin ará wa ní Birnin Kebbi, Gusau àti Kano tí ẹ máa ń wá sípàdé níbí, tó jẹ́ pé láti ibi ìpàdé lẹ ti ń padà sí gáréèjì. Ọjọ́ méjì tó láti rí ìlú yìí dáadáa, bí ẹ bá ti mọ bí ẹ ṣe máa pín in.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n wá

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ nígbà yẹn, eruku sì wà, ṣùgbọ́n èèyàn lè rìn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú súwẹ́tà dání, kí wọ́n má rò pé Sókótó gbóná ní gbogbo ìgbà. Òtútù àárọ̀ oṣù Kíní máa ń gbọ̀n àlejò jìgìjìgì. Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, ẹ má pe ẹnikẹ́ni wá ṣe fàájì. Ooru ọ̀sán máa ń kọjá 40, àwa tó ti mọ́ lára gan-an ń sá sábẹ́ igi. Ìgbà òjò, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, kò burú, ilẹ̀ á tutù, ewé á sì yọ. Bí ó bá bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ mọ̀ pé ilé oúnjẹ á tì lójú ọ̀sán, kò sì dáa kí àlejò máa mu omi káàkiri ní gbangba. Ṣùgbọ́n alẹ́ ààwẹ̀ ní Sókótó dùn ju alẹ́ mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Láti Èkó dé ibí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Reluwé ò débí, Kaura Namoda ní ìpínlẹ̀ Zamfara ló dúró sí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí pápákọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Sultan Abubakar Kẹta sọ. Ọkọ̀ ń wá láti Àbújá, ó sì ń wá láti Èkó nígbà mìíràn, àmọ́ wọ́n máa ń yí ọjọ́ padà, nítorí náà kí wọ́n wádìí kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àti kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, kí ó má rin òru. Mo tún un sọ o, kí ó má rin òru. Àti ọ̀nà Gusau àti ọ̀nà Kontagora, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa ń rí níbẹ̀. Ẹ má gba ohun tí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ. Àwọn awakọ̀ tó dé lánàá ni kí ẹ bi léèrè. Kí ẹni náà gbéra ní kùtùkùtù, bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú kí wọ́n tó dé, kí wọ́n sùn sí ìlú ńlá tó wà lọ́nà.

Ohun kan náà ló jẹ́ kí gbogbo ètò tí mo ń sọ níbí wà láàárín ìgboro. Àwọn kan á fẹ́ kí ẹ mú wọn lọ sí Argungu níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja pípa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934. Ìpínlẹ̀ Kebbi nìyẹn, ọdún náà ní àsìkò tirẹ̀, kì í ṣe ohun téèyàn ń yà wò. Ìhà Isa, Sabon Birni àti Goronyo, a ò gbọdọ̀ mú àlejò débẹ̀ rárá nítorí àwọn agbébọn.

Hubbare

Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni ẹ máa mú wọn lọ, ibí ni. Hubbare ni ilé tí Shehu Usmanu Danfodiyo gbé, ibẹ̀ náà ni sàárè rẹ̀ wà. Ó kú ní 1817. Ọmọ rẹ̀, Muhammad Bello, ló tẹ ìlú Sókótó dó ní 1809 bí ibùdó àwọn jagunjagun, lórí òkè tó wà nítòsí odò Rima. Kí ó tó di ìgbà náà, kò sí ìlú ńlá kankan níbí. Láti ibùdó yẹn ni wọ́n ti wá ń darí ilẹ̀ tó lọ jìnnà, tí Ìlọrin tiwa wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gwandu ni Ìlọrin ń jẹ́ fún ní tààràtà. Àwọn àlejò wa kan á fẹ́ dá ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá sílẹ̀ bí wọ́n bá ti débẹ̀. Ẹ rọra fọwọ́ tọ́ wọn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá délé.

Ìyá Hausa kan tó máa ń ra obì lọ́wọ́ mi ló mú èmi débẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti lò ní Sókótó, mo ní ọdún méjìlá. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù. Ojú tì mí! Ìgbà tí a débẹ̀, a bọ́ bàtà, wọ́n júwe ibi tí obìnrin lè dúró sí fún mi. Àwọn tó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti rin ọ̀nà jíjìn wá, àwọn kan ń sọ Faransé. Ibi jẹ́ẹ́ ni, ibi àdúrà ni, kì í ṣe ibi ìran. Obìnrin gbọ́dọ̀ bo orí, kí aṣọ sì gùn dé ilẹ̀. Kí ọkùnrin má wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹni tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí, kí ó kọ́kọ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, kí ó sì béèrè ibi tó lè dé. Kí ẹnikẹ́ni má yọ fóònù jáde láì gbàṣẹ. Sàráà díẹ̀ lọ́wọ́ yín kò burú.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé yín pé Nana Asma'u náà wà níbẹ̀. Ọmọ Shehu ni, wọ́n bí i ní 1793, ó kú ní 1864. Ó mọ̀wé gan-an, ó ń kọ ewì ní èdè Fúlàní, Hausa àti Lárúbáwá. Òun ló dá àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ́ àwọn ìyá ilé lẹ́kọ̀ọ́. Bí àlejò bá béèrè sàárè Muhammad Bello fúnra rẹ̀, kò sí níbẹ̀ o. Wurno ló kú sí ní 1837, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Àárọ̀ Sátidé ló dáa jù fún Hubbare, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ NAPEP, ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó jókòó. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ààfin Sultan, nítorí náà ìrìn kan náà ni. Sultan Muhammad Sa'ad Abubakar Kẹta, tó gorí oyè ní oṣù Kọkànlá 2006, ni ogún nínú àwọn Sultan. Ẹ ò lè ṣàdédé wọ ààfin. Ìta lẹ máa dúró sí, ẹ ó rí ẹnu ọ̀nà àti àwọn dògárì pẹ̀lú láwàní wọn. Mọ́sálásí Shehu àti mọ́sálásí Sultan Bello náà wà ní agbègbè yẹn. Ẹni tó bá lè jẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọdún Iléyá tàbí Ìtúnu ààwẹ̀ á rí ẹṣin lọ́pọ̀ yanturu, a ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ìyẹn fún un.

Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa gbọ́ Kofar Rini, Kofar Atiku, Kofar Marke, Kofar Taramniya. Orúkọ àwọn ẹnu odi ìlú àtijọ́ nìyẹn, bí ìgbà tí a bá ń sọ pé ẹnubodè. A kàn ń fi wọ́n júwe ilé fún ọlọ́kadà ni, a kì í ronú ohun tí wọ́n túmọ̀ sí.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn àlejò tó bá ń ráhùn pé ọ̀nà jìn. Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Hugh Clapperton. Ó kọ́kọ́ dé Sókótó ní 1824, ó sì rí Muhammad Bello. Ìgbà kejì, Badagry ló gbà wọlé ní ìparí 1825. Ó gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin gbà á lálejò, ó sì gba Borgu, Núpé àti Kano kó tó tún dé ibí ní 1826. Kò padà sílé mọ́. Ogun wà láàárín Sókótó àti Borno, wọn ò jẹ́ kó kọjá, àìsàn sì mú un, ó kú nítòsí Sókótó ní oṣù Kẹrin 1827. Richard Lander tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sin ín. Nítorí náà, ọ̀nà tí ẹ̀ ń ráhùn sí yìí, ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa.

Bí àlejò yín bá tètè dé, ní Ọjọ́bọ̀ tàbí àárọ̀ Jímọ̀, ilé ìtàn àti àṣà tí wọ́n fi orúkọ Waziri Junaidu sọ wà. Ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ lédè Lárúbáwá wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ fi sí ọjọ́ iṣẹ́. Tí agogo bá ti lé ní méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má wulẹ̀ gbéra lọ síbì kankan, títí wọ́n á fi kírun tán.

Oúnjẹ

Àwọn àlejò tó bá wá láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kì í ṣàjèjì sí oúnjẹ ibí tó bí wọ́n ṣe rò. Miyar kuka tí wọ́n fi ń jẹ túwó, ewé osè tí wọ́n sá tí wọ́n sì lọ̀ ni, lúrú tí ẹ mọ̀ nílé gan-an nìyẹn. Wàínà tí wọ́n ń dín nínú agbada oníhò, tí àwọn Hausa tún ń pè ní masa, ṣé kì í ṣe pé a ń jẹ ẹ́ ní Sábó? Kósáì ni àkàrà. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọn wọ̀nyí mú àlejò yín wọlé, kí ẹ tó gbé èyí tó jẹ́ tuntun sí i wá. Túwó ìrẹsì pẹ̀lú miyar taushe, ọbẹ̀ tí wọ́n fi elégédé àti ẹ̀pà sè, ni mo máa ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Kò sí ẹni tó ti kọ̀ ọ́ rí.

Dan wake ni èyí tó máa ń pín àlejò sí méjì. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni wọ́n fi ń pò ó, wọ́n á fi kánún àti ewé kuka sí i, wọ́n á sè é ní róbótó róbótó, wọ́n á wá da òróró àti ata gbígbẹ lé e lórí. Ọkọ mi ò fẹ́ rí i. Èmi lè jẹ ẹ́ láàárọ̀, kí n tún jẹ ẹ́ lálẹ́. Dambu náà wà, ọkà tí wọ́n fi ooru omi sè pẹ̀lú ewé zogale. Zogale yìí náà ni gbogbo ayé ń pè ní mòríńgà, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi nínú ike l'Ékòó. Níbí, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń fi kúlíkúlí pò ó.

Fúrà da nono: ọkà jéró ni fúrà, wọ́n á fi atalẹ̀ àti kànáfùrù gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á wá fọ́ ọ sínú wàrà màlúù tó ti kan. Ó ń tu èèyàn lára nínú oòrùn. Ẹ má kàn rà á lórí igbá ẹnikẹ́ni fún àlejò o. Ikùn tó ń bọ̀ láti Èkó kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mu díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti gbé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn rí nítorí igbá fúrà méjì. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, kunun aya tí wọ́n fi ọ̀fìo ṣe àti zobo wà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé omi rẹ̀ mọ́.

Ẹran wá ni! Alẹ́ Jímọ̀ ni kí ẹ fi sí. Tsire ni èyí tí wọ́n tò sórí igi, tí a mọ̀ sí súyà. Balangu ni èyí tí wọ́n kàn yan, tí wọn ò fi yájì pa lára. Ẹni tó bá mọ ẹran jẹ, balangu ló máa mú. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí àlejò tọ́ka èyí tó fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gé àlùbọ́sà Sókótó tútù sí i. Èmi tí mo ń fi àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí Bódìjà, mo mọ̀ pé kó tó débẹ̀, kò dùn tó báyìí mọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí ẹnì kan sì ń wá àmàlà, ẹ má bínú sí i, àwọn ará wa ń ta á níbí, ẹ mọ ibẹ̀. Ọtí ni kò sí ní gbangba. Òfin Ṣàríà ti wà ní ìpínlẹ̀ yìí láti 2000, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú báàgì wá.

Ọjà

Ọ̀sán Sátidé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí ọjà ńlá àárín ìlú. Ọjà yìí jóná ní oṣù Kíní 2021, ọ̀pọ̀ ará wa ló pàdánù níbẹ̀, àwọn kan ò tíì gbérí títí di òní. Nígbà tí ẹ bá ń mú àlejò kọjá níbẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe owó là ń kó ní òkè ọya nìkan.

Ohun tó yẹ kí wọ́n rà ni ohun èlò awọ. Ewúrẹ́ pupa Sókótó lókìkí. Láyé àtijọ́, ràkúnmí ló ń gbé awọ rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Mòrókò, àwọn ará Yúróòpù sì ń pè é ní awọ Mòrókò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Bàtà, báàgì, ìrọ̀rí ìjókòó, gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó; èyí tí wọn ò sá dáadáa á máa rùn nígbà tó bá dé ibi tí òjò wà. Bí ẹ bá ń ná ọjà tí ẹni tó ń tà sì sọ pé "albarka", kì í ṣe pé ó ti gbà o. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún yín pé owó yín kò pé ni. Àlejò mi kan ti dúpẹ́ tán, ó ti ń ki ọwọ́ bọ báàgì, kí n tó ṣàlàyé fún un.

Ní Sọ́ńdè, àwọn onígbàgbọ́ á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá lọ, ẹ mú un dé Kara ní kùtùkùtù, ọjà ẹran ọ̀sìn. Ràkúnmí, màlúù, àgbò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn ọmọdé tó jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti ń rí ràkúnmí, ibẹ̀ ni inú wọn máa ń dùn sí jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ràkúnmí ń buni jẹ. Bí àyè bá ṣì wà nírọ̀lẹ́, afárá Kwalkwalawa lójú ọ̀nà yunifásítì dáa, ẹ ó rí odò Rima àti oko tí wọ́n ń bomi rin lẹ́bàá rẹ̀. Kí ilẹ̀ má ṣú yín síbẹ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bá àlejò sọ kó tó jáde nílé

Àwa ò kí í fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ. Ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú yìí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìjọba ní kí gbogbo èèyàn wà nínú ilé fún odidi wákàtí mẹ́rìnlélógún. A wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ, a ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi Hausa ló ń kan ilẹ̀kùn wò bóyá a ti jẹun. Ohun méjèèjì ni mo rí, n ò ní í fi ọ̀kan pamọ́ nítorí èkejì.

Nítorí náà, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tó bá wá, ní pàtàkì àwọn tó máa ń ṣe fídíò káàkiri, ẹ bá wọn jókòó. Kò sí àwàdà ẹ̀sìn níbí, ì báà jẹ́ nínú kẹ̀kẹ́, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Kí wọ́n má ya fọ́tò obìnrin láì tọrọ àyè, kí wọ́n má ya bárékè tàbí ọlọ́pàá rárá. Àríyànjiyàn bá dé, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́ "sannu" àti "na gode", kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá ń kí àgbà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Ẹ ó rí i bí ojú èèyàn ṣe máa tú ká.

Ohun tí wọ́n máa gbé lọ sílé

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni kí wọ́n lọ, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Àlùbọ́sà, ẹ gbé e sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Dàbínò náà dáa, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á. Kílíṣí ló ṣe pàtàkì jù: ẹran tí wọ́n bẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata pa, tí wọ́n tún wá yan. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é níṣojú yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri ní gáréèjì. Bí ó bá ṣì gbóná, ẹ má wé e mọ́ ọ̀rá, pépà ni kí ẹ lò, kó má baà hu. Ó lè pẹ́ nílẹ̀ dáadáa bí ó bá gbẹ. Màmá mi ò ní eyín tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gún un fún wọn nínú odó kékeré, wọ́n á bù ú sórí ẹ̀kọ.